Bí A Ṣe Ń Mú Níúrọ́ọ̀nù Ìgbín Kan Ṣoṣo, Tí A Sì Ń Gbé E Sí Ibi Tí A Fẹ́

Bí ẹ bá lóṣòó níwájú ìyá tó ń ta ìgbín ní ọjà Odò Ògbè ní Ilé-Ifẹ̀, ó ṣeé ṣe kó bi yín bóyá ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi sè ni àbí ẹ fẹ́ fi bọ Ọbàtálá. Ọ̀rọ̀ tèmi ti mọ́ oníṣòwò mi lára: "Ìyá, ẹ bá mi ṣa àwọn tó ń rìn dáadáa. Tí wọn ò bá tóbi, kò burú." Ohun tí mò ń wá kò sí nínú ẹran rẹ̀. Ó wà nínú òrùka kékeré tó yí ọ̀nà ọ̀fun ìgbín ká, níbi tí ọpọlọ rẹ̀ wà.

Níúrọ́ọ̀nù ni à ń pe sẹ́ẹ̀lì iṣan-ìmọ̀lára. Ti eku kéré gan-an: ara ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju máíkírómítà 10 sí 20 lọ, wọ́n sì fẹ́ ilé tó gbóná ní dígírì 37, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí a po kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì 5% mọ́, tọ̀sán-tòru. Ti ìgbín yàtọ̀. Àwọn kan nínú wọn ju máíkírómítà 100 lọ, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ̀ ju irun orí èèyàn lọ, wọ́n sì lè wà láàyè lórí tábìlì nínú yàrá lásán. Irú sẹ́ẹ̀lì ńlá báyìí ló jẹ́ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Eric Kandel yan Aplysia, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìgbín nínú òkun, fún iṣẹ́ lórí bí a ṣe ń rántí nǹkan, iṣẹ́ tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000. Fún àwa tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìgbín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ka ìyókù. Níúrọ́ọ̀nù tí a já kúrò nínú ọpọlọ máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá kọ́kọ́ kàn án. Iṣẹ́ wa látòkèdélẹ̀ ni pé kó má lẹ̀ mọ́ gíláàsì tó gbé e wá, kó sì lẹ̀ pinpin mọ́ ìsàlẹ̀ àwo tí a gbé e sí. Ẹni tó bá lóye èyí á mọ ìdí tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi rí bó ṣe rí, kódà bí irinṣẹ́ rẹ̀ kò bá jọ tèmi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìgbín àti omi ara rẹ̀

Ẹ tọ́jú ìgbín fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí ẹ tó ṣí i. Ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ fún un ní ewé ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń fo èyí, àmọ́ ó ṣe pàtàkì púpọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, ìgbín á wọ inú ìkarahun, á fi awọ funfun dí ẹnu rẹ̀, omi ara rẹ̀ á máa gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì máa ki sí i. Tí ẹ bá mú níúrọ́ọ̀nù irú ìgbín bẹ́ẹ̀ tí ẹ sì jù ú sínú omi oníyọ̀ tí ẹ ṣe fún ìgbín àsìkò òjò, omi á rọ́ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á wú, á bẹ́.

Omi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jáde bí a bá fọ́ ìdí ìgbín, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní omi ẹ̀rọ̀, ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bàbà inú rẹ̀ ló fún un ní àwọ̀ búlúù, bí irin ṣe fún tiwa ní pupa. Ẹ gba díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ wọn agbára iyọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú osmometer, kí ẹ sì ṣe omi oníyọ̀ yín kó bá a dọ́gba. Ẹ má kàn da ìlànà ẹlòmíì kọ. Ti ìgbín odò Lymnaea stagnalis, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ń lò, rí báyìí: NaCl 51.3, KCl 1.7, CaCl₂ 4.1, MgCl₂ 1.5, gbogbo rẹ̀ ní mílímólà, pẹ̀lú HEPES tí kò ní jẹ́ kí pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, kúrò ní 7.9. Inú omi tútù ni ìgbín yẹn ń gbé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní iyọ̀ tó ti ìgbín ilẹ̀ wa. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè rí irú àwọn èròjà tó ń wọ inú rẹ̀.

Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tí à ń lò ni L-15, nítorí pé kò nílò kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì. Òun náà, ẹ mú agbára iyọ̀ rẹ̀ bá ti ìgbín yín mu.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìsàlẹ̀ àwo

Ẹ fọ gíláàsì pẹlẹbẹ títí tí omi yóò fi tẹ́ lórí rẹ̀ láìkójọ. Ẹ da poly-L-lysine, èròjà tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ gíláàsì, sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan tàbí di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi omi mímọ́ ṣan án lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí a kò bá ṣan kúrò máa ń pa sẹ́ẹ̀lì. Poly-L-lysine ní agbára iná tó jẹ́ pọ́sítíìfù, ìta sẹ́ẹ̀lì jẹ́ nẹ́gátíìfù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ara wọn.

Kí ẹ tó da nǹkan kan sí i, ẹ yí gíláàsì náà dojú dé, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀nì onídáyámọ́ńdì fa ilà sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ojú ayò. Lọ́la, nígbà tí ẹ bá ń wá sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú àwo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ óò mọ ìwúlò àwọn ilà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: pípẹ́ẹ̀tì

Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi ṣe pípẹ́ẹ̀tì yín. A ń ṣiṣẹ́ yìí ní ìlú tí àwọn baba wa ti yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú kí Òyìnbó kankan tó dé etíkun wa. Inú mi máa ń dùn nígbàkigbà tí mo bá tan iná sábẹ́ gíláàsì ní Ifẹ̀.

Ẹ mú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín tó ní ihò nínú, tí ìta rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 1.5. Ẹ di orí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ máa yí i lórí iná kékeré. Tí àárín rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ẹ tó fà á. Ẹni tó bá fà á nígbà tó ṣì wà lórí iná á rí okùn gíláàsì tí kò ní ihò tó wúlò. Ẹ rẹ́ ọrùn rẹ̀ níbi tí ihò rẹ̀ ti fẹ̀ díẹ̀ ju sẹ́ẹ̀lì tí ẹ fẹ́ mú lọ, kí ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹnu tó ṣẹ́ náà á mú bí abẹ. Ẹ sún un mọ́ iná, kó má wọ inú iná, fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, títí etí rẹ̀ á fi yọ́ tí á sì dán. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹnu rẹ̀ á dí, ẹ óò sì tún un ṣe. Mo máa ń ṣe mẹ́wàá kí n tó yan mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa sílíkóònì olómi tí wọ́n ń fi pa gíláàsì, tàbí omi albumin (irú purotéènì kan), sínú ẹnu rẹ̀, kí ẹ tú u jáde, kí ẹ sì fi omi oníyọ̀ ṣan án. Bí ẹ bá fo èyí, sẹ́ẹ̀lì á wọ inú pípẹ́ẹ̀tì, kò sì ní jáde mọ́.

Ẹ so pípẹ́ẹ̀tì mọ́ rọ́bà tín-ín-rín, kí ẹ so rọ́bà mọ́ síríńjì tí a ń yí pẹ̀lú ìdè, irú èyí tí ó ń sún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fà á láéláé, torí ẹ́ńsáímù àti oògùn wà nínú omi yẹn.

Omi ni kí ó kún inú síríńjì àti rọ́bà, láìsí afẹ́fẹ́ rárá. Níbí ni mo ti jìyà jù. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń pàdánù sẹ́ẹ̀lì láìmọ ìdí. Mo á yí síríńjì, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Mo á tún yí i díẹ̀, nǹkan kan ò tún ní ṣẹlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, sẹ́ẹ̀lì á fò wọ inú rọ́bà bí ẹni pé wọ́n ta á. Ìgbà tí mo gbé rọ́bà sókè sí ojú fèrèsé ni mo rí i: afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì. Omi kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀. Ó ti gba gbogbo agbára tí mo ń fi yí síríńjì sára, ó wá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà, omi tí a ti sè tó ti tutù ni mo ń lò, torí afẹ́fẹ́ tó fara pamọ́ sínú omi á ti bá ooru lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tábìlì

Ní ọjọ́ kan, mo ti to sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin sínú àwo, mo ń dúró kí wọ́n lẹ̀. Ẹnì kan tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo ṣì wà lórí máíkírósíkóòpù, mo rí i tí gbogbo wọn ń yí gbirigbiri bí àgbàdo lórí atẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kúrò níbi tí mo gbé wọn sí.

Tábìlì tí kì í gbọ̀n lówó lórí, àmọ́ ẹ lè lọ bá fọkanáísà kan ní Lágéré kí ẹ ra táyà inú ọkọ̀ tí kò dára mọ́ fún ọ̀nà ṣùgbọ́n tó ṣì ń gba afẹ́fẹ́. Ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀, kí ó máa rọ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé òkúta pẹlẹbẹ tó wúwo lé e, kí ẹ gbé máíkírósíkóòpù lé òkúta náà. Táyà tí a fẹ́ kún tó le gbagidi á máa gbé ìgbọ̀nrìrì náà kọjá sókè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: yíyọ ọpọlọ

Ẹ kọ́kọ́ fi oorun kùn ún. Ẹ gún magnesium chloride tí agbára rẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ ìgbín dọ́gba sí i lára, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi rọ̀ tí kò sì ní ká mọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ìgbín náà ń mọ nǹkan lára, ẹ má ṣe é ní kánkán.

Ẹ ya ẹ̀yìn orí rẹ̀ pẹ̀lú sìsọ́ọ̀sì kékeré. Lẹ́yìn ẹran ẹnu rẹ̀ ni òrùka náà wà. Apá tó wà lábẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ló ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tóbi jù. Ẹ gé e jáde pẹ̀lú okùn iṣan díẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ ní ibi tí ẹ óò máa dì mú, kí ẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, nínú omi oníyọ̀ tó ní gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Ìgbín ti fi àyà wọ́ ilẹ̀; kòkòrò ara rẹ̀ pọ̀.

Awọ tó bo ọpọlọ náà le. Ẹ́ńsáímù tó ń jẹ purotéènì, tí à ń pè ní trypsin, la fi ń mú un rọ̀. Ti ìgbín odò, mílígíráàmù 2 rẹ̀ nínú mílílítà kan fún bí ogún ìṣẹ́jú sábà máa ń tó. Ti ìgbín ilẹ̀ wa nípọn ju ìyẹn lọ. Ẹ fi ọpọlọ mélòó kan dán onírúurú àkókò wò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó tọ́ ni ìgbà tí awọ náà bá ń ya bí ewé ẹ̀kọ tútù, tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì ṣì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e sínú omi tó ní ohun tó ń dá trypsin dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa jẹ sẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹ wá gbé e sínú L-15 tí ẹ fi glúkóòsì díẹ̀ kún. Glúkóòsì yẹn ń fa omi díẹ̀ jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á sún kì, á yọ ara rẹ̀ kúrò lára awọ. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì là.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: mímú sẹ́ẹ̀lì

Ẹ fi abẹ́rẹ́ kan ọpọlọ náà mọ́ àwo tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà sílíkóònì. Ẹ fi ẹ̀mú tó tín-ín-rín jù lọ ya awọ òkè, kí ẹ tó ya ti inú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì á yọ síta bí hóró ìbẹ́pẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ọ̀pọ̀ wọn á ní àwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó yẹ kí ẹ mú ni èyí tí etí rẹ̀ mọ́ tó sì dán. Èyí tó ti wú, tí inú rẹ̀ rí bíi gàrí, ti ń kú lọ.

Ẹ sún ẹnu pípẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ẹ yí síríńjì díẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì á yọ́ wọ ẹnu rẹ̀. Ẹ dúró. Okùn kan ṣì so ó mọ́ ọpọlọ bí ìwọ́ ọmọ, akisọ́ọ̀nù ni, okùn tí níúrọ́ọ̀nù fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Bí ẹ bá tún fà á lójijì, okùn yẹn á já mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, á sì fi ojú ọgbẹ́ ńlá sílẹ̀. Ẹ máa gbé pípẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí okùn náà máa fà, kó máa tín-ín-rín, kó tó já fúnra rẹ̀. Ìrù kékeré á kù lára sẹ́ẹ̀lì. Inú mi máa ń dùn sí ìrù yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun sábà máa ń ti hù. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi, ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ náà la fi ń mú ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé pípẹ́ẹ̀tì kúrò nínú omi, ẹ fa sẹ́ẹ̀lì wọlé díẹ̀ sí i, tó mílímítà kan tàbí méjì, kí omi wà láàárín rẹ̀ àti ẹnu gíláàsì. Sẹ́ẹ̀lì tí ojú omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé lórí rẹ̀ á fàya.

Ìgbésẹ̀ keje: gbígbé e kalẹ̀

Àwo tí ẹ fẹ́ gbé e sí gbọ́dọ̀ ti wà lórí máíkírósíkóòpù, níbi tí á wà di ọ̀la. Ẹ má rò pé ẹ óò gbé e lọ síbòmíì lẹ́yìn iṣẹ́. Kí oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ti wà nínú rẹ̀, kí ilà ẹ̀yìn gíláàsì ti hàn kedere.

Ẹ sọ ẹnu pípẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ títí á fi ku ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì méjì kó kan ìsàlẹ̀. Ẹ yí síríńjì títí sẹ́ẹ̀lì á fi dé ẹnu, kí ẹ wá jẹ́ kó jáde fúnra rẹ̀. Ó wúwo ju omi lọ, á rì. Bí ẹ bá tì í jáde pẹ̀lú agbára, omi á kọlu ìsàlẹ̀, á ta padà, á sì gbé e lọ.

Bí kò bá balẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́, ẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó lẹ̀. Ọmọ kan tí mo ń kọ́ gbé gíláàsì sún mọ́ tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n tì í díẹ̀."

Mo ní, "Má fi gíláàsì tì í. Omi ni kó o fi tì í."

Ó gbé ẹnu pípẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ó yí síríńjì bíńtín, sẹ́ẹ̀lì yí lẹ́ẹ̀kan. Ó tún yí i, sẹ́ẹ̀lì tún yí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọ àárín ojú ilà, ó dúró síbẹ̀. Ọmọ náà ò mí títí ó fi gbé ọwọ́ kúrò. Sẹ́ẹ̀lì tí kò mì mọ́ bí omi bá kàn án ti lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà, kódà bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, torí bí ẹ bá tún fà á, apá kan lára rẹ̀ á kù sílẹ̀.

Ẹ dé àwo náà, kí ẹ fi bébà tútù sí tòsí rẹ̀ lábẹ́ ìdérí tó tóbi, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́. Omi tó bá gbẹ nínú àwo á mú iyọ̀ ki.

Bí ẹ bá fẹ́ kí méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ lẹ̀ tán, kí ẹ tó gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ara wọn kan ara wọn. Àwọn tó ń lo Lymnaea ti fi hàn pé irú sẹ́ẹ̀lì méjì báyìí ń ṣe ìsopọ̀ láàárín wákàtí 18 sí 24, láìdúró kí ẹ̀ka hù. Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì lásán kì í sábà tó fún èyí. Ẹ fi ọpọlọ ìgbín mélòó kan tí a fọ̀ dáadáa sínú oúnjẹ náà fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ yọ wọ́n, kí ẹ lo omi rẹ̀. Ohun tí ọpọlọ tú sínú rẹ̀ ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì hù.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka lẹ fẹ́ kó pàdé, ẹ fi àyè tó tó ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì sáàárín wọn. Àmọ́ ẹ̀ka tó ń hù máa ń fa ara sẹ́ẹ̀lì kiri. Ní ọdún 2001, Zeck àti Fromherz ní Jámánì fi àwọn òpó pólímà kéékèèké ṣe ọgbà yí níúrọ́ọ̀nù ìgbín ká lórí ṣíìpù kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má baà kúrò níbi tí wọ́n gbé wọn sí. Ẹ̀rọ tí à ń fi ṣe irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mo ń ṣe ni pé kí n má fi poly-L-lysine sí gbogbo ìsàlẹ̀ àwo: mo ń fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì tó tín-ín-rín kán an sí ojú ilà tí mo fẹ́ nìkan, mo sì ń fi albumin bo ìyókù. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì lè lẹ̀ mọ́ á wá kéré.

Ní ti sẹ́ẹ̀lì eku, ọwọ́ àti síríńjì kò lè ṣe é dáadáa bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà mú irú sẹ́ẹ̀lì kékeré bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n tí Arthur Ashkin gbé jáde ní 1986 tó sì gba Nobel fún ní 2018.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Ẹ wo àwo náà láìṣí i. Bí nǹkan bá lọ déédéé, ara sẹ́ẹ̀lì á ti tẹ́ díẹ̀, ẹ̀ka tín-ín-rín á ti máa yọ láti ìdí ìrù rẹ̀, orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á sì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé tó ń fọwọ́ táràrà nínú òkùnkùn. Ohun tí Ross Harrison rí lára iṣan ọ̀pọ̀lọ́ ní 1907 nìyẹn, nígbà tó kọ́kọ́ fi hàn gbogbo ayé pé níúrọ́ọ̀nù ń hù níta ara. Ẹ ya ibi tó wà lórí ojú ilà sínú ìwé yín, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra ìgbín náà, ìṣẹ́jú tó lò nínú trypsin, àti agbára iyọ̀ omi ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ fa ìlàjì oúnjẹ náà jáde láti etí àwo, jìnnà sí sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì da tuntun sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan.